Èrè Tí Ọmọ Ń Rí Nínú Oríkunkun

Ní àdúgbò Ìlàjẹ, ní Bàrígà, níbi tí ilé ti fara ti ilé títí dé etí ọ̀sà, kò sí ìjà inú ilé tí aládùúgbò kì í gbọ́. Èyí tí wọ́n sì ń gbọ́ jù ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ìjà ọkọ àti aya. Ìjà òbí àti ọmọ tí ó ń bàlágà ni. Ìyá a pe ọmọ, ọmọ a dákẹ́. Ìyá a pariwo, ọmọ a fèsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, gbogbo àgbàlá ti mọ ohun tí ọmọ náà kọ̀ láti ṣe. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ti gbà pé àrùn ayé òde òní ni èyí, àti pé kò sí oògùn rẹ̀ àfi pàṣán tàbí àdúrà. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ti ń wo irú ìjà báyìí fínnífínní, wọ́n sì ti rí ohun tí ó ń bọ́ ọ. Ohun náà kò ṣòro láti yé ènìyàn, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti ṣe.

Kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá ń yan ẹja tà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ìyá ní kí ó lọ pọn omi wá. Ọmọ náà wà nídìí fóònù rẹ̀, ó ní, "Mò ń bọ̀, Màámi." Ìyá pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ẹ ní sùúrù náà." Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ láti ọdún tí ó kọjá. Ọmọ dìde, ó ní òun nìkan kọ́ ni ọmọ inú ilé, ó sì ti ìlẹ̀kùn gbàgà. Ó ti rẹ ìyá. Láti àárọ̀ ni ó ti wà nínú èéfín. Ó ní, "Ó dáa, jókòó síbẹ̀, n ó pọn ọ́n fúnra mi. Ọlọ́run ń wò ọ́." Ó gbé garawa, ó lọ. Ilé parọ́rọ́. Ọmọ padà sídìí fóònù rẹ̀.

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, yóò ní ìyá náà bá ọmọ wí dáadáa, ó tilẹ̀ fi Ọlọ́run dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n kí a wo ọ̀rọ̀ náà bí oníṣòwò ti ń wo owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Kí ni ọmọ rí gbà? Ó rí ìsinmi gbà: iṣẹ́ omi kúrò lọ́rùn rẹ̀ ní kété tí ó ti ìlẹ̀kùn gbàgà. Kí ni ìyá rí gbà? Òun náà rí ìdákẹ́jẹ́ gbà ní kété tí ó juwọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gba owó iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. A san ti ọmọ fún un nítorí ariwo tí ó pa, a sì san ti ìyá fún un nítorí pé ó gbà fún ọmọ. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí "Mò ń bọ̀" mọ́. Ibi tí ọjà ti tà lánàá ni yóò gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Ìmọ̀ yìí kò kọ́kọ́ jáde láti ara ọmọ ènìyàn rárá. Ní ọdún 1898, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Edward Thorndike, fi ológbò sínú àpótí onígi, ó sì gbé ẹja síta níbi tí ológbò ti lè rí i. Okùn kan wà nínú àpótí náà tí ó jẹ́ pé bí a bá fà á, ìlẹ̀kùn yóò ṣí. Ní àkọ́kọ́, ológbò ń ha igi, ó ń ké, ó ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣèèṣì kọ́ okùn náà. Bí a ti ń dá a padà sínú àpótí, bẹ́ẹ̀ ni hílàhílo rẹ̀ ń dínkù, títí ó fi di pé okùn ni ó ń kọ́kọ́ fà. Kò sí ẹni tí ó wàásù fún un. Ẹja ni ó kọ́ ọ. Thorndike wá fi lélẹ̀ pé ìwà tí ohun dídùn bá tẹ̀ lé ni ẹ̀dá yóò tún hù, àti pé èyí tí ohun kíkorò bá tẹ̀ lé yóò máa rọ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti yan ẹja rí ní Ìlàjẹ, tí ó sì ti lé ológbò kúrò nídìí agbọ̀n, kò nílò kí ẹnikẹ́ni búra fún òun kí ó tó gba èyí gbọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni B. F. Skinner, tí ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard, fi eku àti ẹyẹlé wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Nínú ìwé ńlá tí òun àti Charles Ferster tẹ̀ jáde ní ọdún 1957, wọ́n fi ohun kan hàn tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ìwà tí a ń san èrè rẹ̀ ní gbogbo ìgbà máa ń tètè kú bí èrè bá dáwọ́ dúró. Èyí tí a ń san èrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí ń hù ú kò mọ ọjọ́ tí yóò bọ́ sí i, ni kì í fẹ́ kú bọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kì í fi kúrò níbẹ̀: bí ó bá ń jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú ogún, ogún náà ni yóò máa ta. Òbí tí ó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin, tí ó sì juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, kò tíì kọ́ ọmọ ní ìgbọràn. Ó ti sọ oríkunkun di tẹ́tẹ́ fún un.

Ẹni tí ó mú ìmọ̀ yìí wọ inú ilé ni Gerald Patterson ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Láti àwọn ọdún 1960 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rán àwọn olùwòye lọ sí ilé àwọn tí ọmọ wọn le koko, kí wọ́n jókòó sí igun yàrá, kí wọ́n má dá sí ọ̀rọ̀, kí wọ́n máa kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe àti ohun tí ó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1982, ó ṣàlàyé pé òbí àti ọmọ a máa fi ariwo, ìbínú àti ìhalẹ̀ ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀ ni ó ń kọ́ ẹnì kejì níṣẹ́. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ìwà rere ọmọ a máa kọjá láìsí ẹni tí ó rí i. Ọmọ a fọ abọ́, ilé a dákẹ́. Ọmọ a fọ́ abọ́, gbogbo ilé a dìde sí i. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti fi mú ìyá rẹ̀ wo ojú òun yan èyí tí ó ń mú un wò.

Kí ni òbí wá lè ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó fi ọ̀rọ̀ ńláńlá sílẹ̀. "Ọmọ mi kò gbọ́ràn," "ó ya ìpáǹle," ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a lè tún ṣe, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n. "Kò pọn omi kí ilẹ̀ tó ṣú," "ó wọlé lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án," ìwọ̀nyí ṣeé kà. Kí òbí mú ìwà kan ṣoṣo, tàbí méjì ó pọ̀ tán, kí ó fi ìwé kékeré kan ka iye ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kété lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí máa ń ya òbí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ni yóò rí i pé ìwà tí àwọn ń pè ní "ojoojúmọ́" kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́sẹ̀, àti pé ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà, ọmọ ni ó jèrè.

Lẹ́yìn náà ni àdéhùn. Ọmọ ọdún 15 kì í ṣe ọmọ ọdún 5. Bí a bá gbé òfin lé e lórí láìbá a sọ̀rọ̀, àgídí ni yóò fi gbà á. Kí a pè é jókòó ní ọjọ́ tí kò sí ìjà, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a sì fohùn ṣọ̀kan. Nínú ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, àdéhùn lè rí báyìí: bí omi bá ti wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù di ti ọmọ títí di agogo mẹ́sàn-án, bí kò bá sí, fóònù yóò sùn lọ́dọ̀ ìyá di ọ̀la. Bí ó bá ṣe é ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, ó lè lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán Sátidé láìsí pé ẹnikẹ́ni tún rán an níṣẹ́. Kò sí owó nínú èyí. Ohun tí ọmọ ti ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni a wá so mọ́ iṣẹ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kò gbọdọ̀ so mọ́ iṣẹ́ láé. Oúnjẹ kì í ṣe èrè, oorun kì í ṣe èrè, ilé ìwé kì í ṣe èrè, ìkíni kì í sì í ṣe èrè. Òbí tí ó bá fi oúnjẹ alẹ́ du ọmọ ti kúrò nínú ìtọ́sọ́nà, ó ti bọ́ sínú ìfìyàjẹni, ọmọ yóò sì wá oúnjẹ náà lọ síbòmíràn.

Kí ìjìyà kúrú, kí ó sì dájú. Òbí tí ó bá fi ìbínú gba fóònù fún oṣù kan ti ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ọmọ bá tún ṣẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kí ni yóò tún gbà? Ọmọ náà sì mọ èyí. Ọjọ́ kan tó. Ní ọjọ́ kejì, kí ìwé bẹ̀rẹ̀ ní òfo, láìsí ìwàásù, láìka ẹ̀ṣẹ̀ àná. Bákan náà, kí a má máa pàṣẹ láti ojúde sí yàrá. Kí ìyá súnmọ́ ọmọ, kí ó sọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ní ohùn tútù, kí ó sì kúrò níbẹ̀. Àṣẹ tí a bá pa ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ti kọ́ ọmọ pé márùn-ún àkọ́kọ́ kò ní ìtumọ̀.

Ìdánwò kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ní ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní ọdún 1967, a dá ilé kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Achievement Place fún àwọn ọmọkùnrin tí ilé ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rán lọ sí ilé ìtúnwàṣe. Tọkọtaya kan ni ó ń gbé pẹ̀lú wọn bí òbí. Ọmọ a gba máàkì bí ó bá tún yàrá rẹ̀ ṣe, bí ó bá ka ìwé ìròyìn, bí ó bá ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀; a pàdánù máàkì bí ó bá pẹ́ tàbí bí ó bá ń halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn; máàkì ni ó sì fi ń ra àǹfààní láti wo tẹlifíṣọ̀n, láti gun kẹ̀kẹ́, láti jáde lọ sí ìgboro. Elery Phillips, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, kọ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1968. Nígbà tí àwọn òbí ilé náà kàn ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dẹ́kun ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan kan padà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba máàkì ìtanràn, ọ̀rọ̀ náà dínkù gidigidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán ìdẹ́rùbani wò: "Bí ẹ bá tún sọ bẹ́ẹ̀, a ó gba máàkì." Ìdẹ́rùbà àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ rí i pé a kò gba máàkì kankan, ìdẹ́rùbà tí ó tẹ̀ lé e di ọ̀rọ̀ lásán létí wọn. Òbí tí ó ń sọ lójoojúmọ́ pé "n ó lé ọ jáde nílé yìí" mọ irú etí bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ó ṣeé ṣe kí àgbà kan sọ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni gbogbo èyí. "Ní ayé tiwa, ta ni ó sanwó fún wa kí a tó pọn omi?" Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni èyí tí a fún ọmọ tí ó ń pariwo kí ó lè dákẹ́; owó iṣẹ́ ni èyí tí ó dé lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyá tí ó ra ìpanu fún ọmọ tí ń yíràá nílẹ̀ nínú ọjà ni ó ń fún un ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà náà sì gba owó iṣẹ́ nígbà èwe wọn, wọn kò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí ó bá dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà ní òwúrọ̀, kò tíì dìde tí yóò fi gbọ́ oríkì rẹ̀: Àkànní, Àyìnlá, Àjàní, pẹ̀lú oríkì orílẹ̀ baba rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí, a kì í, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lójoojúmọ́. Orí ọmọ náà a wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní pẹ́ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá àgbà ní ọjọ́ kejì. Ọmọ tí a rán ní iṣẹ́ kékeré tí ó jẹ́ ẹ ire ni a ń rán ní iṣẹ́ ńlá, tí a ń fi owó lé lọ́wọ́, tí a ń jẹ́ kí ó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ìlú ni ó ń san án. Ní ojúlé mẹ́wàá tí ó wà nínú ilé kan ní Bàrígà, níbi tí ìyá ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tí baba sì ń wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, ta ni ó kù tí yóò ki ọmọ?

Nítorí náà, kí a má rò pé fóònù ni olórí èrè. Ọ̀rọ̀ ẹnu òbí ni, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ní ìdí. "O ṣe dáadáa" kò wúwo. "O pọn omi kí n tó pè ọ́, ó jẹ́ kí n tètè kúrò nínú èéfín lónìí" wúwo, nítorí pé ọmọ mọ ohun tí ó ṣe gan-an àti ẹni tí ó ṣe é fún. Òbí tí kò bá rí ohun kan yìn kí ó wá ohun tí ó kéré. Àwọn ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú mọ èyí, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní yunifásítì. Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi ọmọ iṣẹ́ tuntun sídìí ẹ̀rọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Yóò gbálẹ̀, yóò ka ìwé, yóò tò ó, yóò gé e. Bí ó ti ń mọ ọ̀kan ni a ń sún un síwájú, bí ó sì ti ń sún síwájú ni orúkọ rẹ̀ ń yí padà lẹ́nu ọ̀gá. Bí ọmọ tí kì í pọn omi rárá bá pọn garawa kan nínú mẹ́ta, kí a yìn ín fún ọ̀kan náà, kí a má bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì tí ó kù.

Nípa pàṣán, ó yẹ kí a sọ òótọ́: pàṣán ń ṣiṣẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ a dákẹ́, òbí a sì rí ìsinmi, èyí gan-an ni ó sì ń mú òbí tún gbé pàṣán ní ọjọ́ kejì. Òun náà ti gba owó iṣẹ́. Ohun tí pàṣán kì í kọ́ ọmọ ni ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ó ń kọ́ ọ láti fi pamọ́, láti parọ́, láti wọlé nígbà tí òbí bá ti sùn. Ọmọ ọdún 15 sì ń dàgbà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò di pàṣán náà mú. Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú UNICEF ní ọdún 2014 fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́wàá ní Nàìjíríà, bíi mẹ́fà ni ó ti rí ìwà ipá ní oríṣi kan kí ó tó pé ọdún 18, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù ni ti lílù. Bí lílù bá tó láti tún ọ̀dọ́ ṣe, kò yẹ kí ọ̀dọ́ aláìgbọràn kù ní ilẹ̀ yìí mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2007, kà á léèwọ̀ láti dá ọmọ lóró tàbí láti hùwà sí i lọ́nà tí ó bu iyì rẹ̀ kù, ọmọ sì ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18.

Ohun kan wà tí ó máa ń ba ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn jẹ́ nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì sàn kí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú. Nígbà tí oríkunkun kò bá mú èrè wá mọ́, ó lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i kí ó tó dínkù. Ọmọ tí ó ń ti ìlẹ̀kùn gbàgà lẹ́ẹ̀kan lè tì í lẹ́ẹ̀mẹta. Ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ kò tà a máa kọ́kọ́ pariwo sí i kí ó tó ká igbá rẹ̀. Òbí tí ó bá juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn ni ó ṣe ohun tí ó burú jù, nítorí pé ó ti ra ariwo ńlá ní iye tí ó fi ń ra ariwo kékeré. Bí ó bá lè dúró, láìbínú, láìfèsì sí ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ariwo náà yóò rọlẹ̀. Gbogbo ilé sì gbọ́dọ̀ wà ní ohùn kan. Bí ìyá bá gba fóònù, tí baba sì yá ọmọ ní tirẹ̀, tàbí tí ìyá ojúlé kejì, nítorí àánú, bá a pọn omi náà, àdéhùn ti tú. Nínú ilé tí èrò pọ̀ bí ti Ìlàjẹ, èyí ni ó ṣòro jù; ó yẹ kí òbí lọ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró ni pé òbí nìkan kọ́ ni ó ń san èrè. Kì í ṣe àṣírí pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ti da Bàrígà àti Ṣómólú láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ń fa ọmọ sínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ìmọ̀ Skinner láìka ìwé rẹ̀. Wọn a rí ọmọ, wọn a pe orúkọ rẹ̀, wọn a fún un ní orúkọ tuntun. Iṣẹ́ kékeré tí ó bá jẹ́, wọn a yìn ín níbẹ̀, wọn a fi owó lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Kò sí ẹni tí ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àná fún un. Ní Oregon kan náà, Thomas Dishion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya fídíò àwọn ọmọkùnrin tí ó wà ní ọdún 13 àti 14 bí wọ́n ti ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Níbi tí ọ̀rẹ́ bá ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ ń sọ̀rọ̀ ìwà ìpáǹle, tí kò sì rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mìíràn, ìwà ọmọ náà ń burú sí i ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín lásán ni èrè náà. Bí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, òbí tí kò ní ohun kan láti fún ọmọ rẹ̀ bí kò ṣe èébú ń bá ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ du ọjà.

A lè béèrè bóyá ìmọ̀ tí a fi ilé àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe lè bá ilé tálákà mu ní ilẹ̀ Áfíríkà. A ti dán an wò. Ní agbègbè Eastern Cape ní Gúúsù Áfíríkà, Lucie Cluver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdílé 552 jọ láti ibùdó 40, ìdílé tí òbí àti ọmọ ọdún 10 sí 18 ń jà. Wọ́n fún apá kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, àwọn ará àdúgbò tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ń darí rẹ̀, kì í ṣe dókítà. Òbí àti ọmọ ń jókòó papọ̀, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń yìn, bí a ti ń ṣe òfin ilé, bí a ti ń tu ìbínú lójú. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Àwọn òbí ní lílù dínkù tó bíi ìdajì. Òbí àti ọmọ jọ sọ pé àwọn òbí ń bá ọmọ ṣe pọ̀ sí i, wọ́n sì ń mọ ibi tí ọmọ wà. Ọtí mímu àti oògùn olóró dínkù láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn ọmọ fúnra wọn, wọn kò sọ pé lílù dínkù bẹ́ẹ̀, ìwà wọn kò sì fi ìyàtọ̀ púpọ̀ hàn sí ti àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́. Ó dára kí a sọ èyí náà. Ìlànà yìí kì í ṣe ẹ̀wẹ̀. Ohun tí ó dájú jù tí ó kọ́kọ́ ń yí padà ni òbí.

Àwọn ọmọ kan sì wà tí àdéhùn omi àti fóònù kò ní tó fún. Ọmọ tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tí kò sùn mọ́, tí ó ń sọ pé òun fẹ́ kú, tí ó ń mu oògùn olóró, tàbí ọmọbìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹnì kan nínú ilé, kì í ṣe oríkunkun ni ó ń ṣe wọ́n. Kí a má fi èrè tàbí ìtanràn dán wọn wò. Kí a wá ìdí rẹ̀. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Yábàá láti ọdún 1907, tí kò jìnnà sí Bàrígà, ní ẹ̀ka tí ó dá dúró fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tí òbí lè lọ bá kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Láti ìgbà òfin ọmọdé àti ọ̀dọ́ ti ọdún 1943 ni òbí ní Nàìjíríà ti lè lọ sọ fún adájọ́ pé apá òun kò ká ọmọ òun mọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dé Orégùn àti Ìdí-Àràbà. Òbí tí ó bá ń lọ sí ọ̀kan nínú ọ́fíìsì wọ̀nyí kí ó mú ìwé kékeré tí ó fi ka ọjọ́ náà dání. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀.